Ọdún Tí A Fi Ẹsẹ̀ Kọ́ Ìṣirò

Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé mi ní Ìwó níbí. Láti ìgbà tí mo ti kó wá sí àdúgbò yìí, ohun tí mo máa ń gbọ́ láti ibẹ̀ kò ju aago àti ariwo àkókò ìsinmi lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, bí mo ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mò ń ṣa ẹ̀wà, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ọmọ tó ń sáré. Ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ni, wọ́n ń balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á tún balẹ̀, ohùn wọn á sì tẹ̀ lé e: "Mẹ́jọ lọ́nà méjì, mẹ́rìndínlógún. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́ta, mẹ́rìnlélógún."

Ọwọ́ mi dúró nínú àtẹ. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo kàn rí i pé mo ti di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú, tí mo ń retí ìgbà tí ẹsẹ̀ kan máa dín nínú ìró náà.

Kò dín. Wọ́n kà á dé ọgọ́rin, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọmọ ọmọ mi dé láti ibẹ̀, ó sọ fún mi pé tíṣà tuntun ló ní kí àwọn máa fo ìṣirò, pé ọpọlọ máa ń jí bí ara bá ń ṣiṣẹ́. Ojú rẹ̀ ń dán bí ó ti ń sọ ọ́. Ó rò pé nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí ni òun gbé wá sílé. Mo bu oúnjẹ fún un, mo sì padà sídìí ẹ̀wà mi.

Agbo ilé wa wà ní ààrin ìlú àtijọ́, níbi tí òrùlé kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan èkejì. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin tiwa àti ti Alfa tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú. Ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó le, òórùn tàdáwà tí wọ́n fi ń kọ wàláà ló máa ń kọ́kọ́ dé bá wa, kí ohùn àwọn ọmọ kéwú tó tẹ̀ lé e. Alfa yìí ló bí Mulíkátù, ọ̀rẹ́ mi. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa. Ó tinrín, ọrùn rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ sì máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi omi ọsàn sí i. Àwa ọmọdé a máa pè é ní ojú ológbò, òun náà á sì máa rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé kò yẹ kí ojú ọmọ rí bẹ́ẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ wa nígbà náà, ìjókòó ni iṣẹ́ ibẹ̀. O máa jókòó, o máa ká ọwọ́, o máa fi ìka sí ẹnu, o sì máa wo ẹ̀yìn orí ẹni tó wà níwájú rẹ títí tí wọ́n á fi lu aago. Mo mọ gbogbo àpá tó wà lórí ọmọkùnrin tó jókòó níwájú mi ju bí mo ti mọ ìwé kíkà lọ. Tíṣà tó kọ́ wa ní kíláàsì kẹta máa ń sùn, pàṣán á wà lórí itan wọn, bí ẹ bá sì mira, pàṣán náà á jí ṣáájú wọn.

Ìgbà tí a dé kíláàsì kẹrin ni Mísì Adéọtí dé. Ọmọ Olúpọ̀nnà ni wọ́n, básíkùlù ni wọ́n máa ń gùn wá ní àràárọ̀, wọ́n á ti so etí aṣọ wọn kó má baà kó sínú ṣéènì. Wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n wọlé, wọ́n kí wa, wọ́n ní kí a gbé gbogbo bẹ́ǹṣì lọ ti ògiri. A gbé e. Wọ́n ní kí a wá dúró ní ààrin kíláàsì. Kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ míì, ìdajì kíláàsì ti kúnlẹ̀, wọ́n ti na ọwọ́ sókè, wọ́n sì ti di ojú, nítorí pé kò sí ohun tí wọ́n ń kó bẹ́ǹṣì kúrò fún nílé-ẹ̀kọ́ wa àfi ìyà. Mísì wò wá fún ìgbà díẹ̀, wọ́n yí ojú sí pátákó, èjìká wọn sì ń gbọ̀n. Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ya àpótí onígun mẹ́rin sílẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà sínú wọn, wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá pe ìṣirò fún, kó fò bọ́ sínú ìdáhùn rẹ̀. Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. A fi apá àti ẹsẹ̀ kọ álífábẹ́ẹ̀tì. A rìn káàkiri ògiri láti mọ ohun tí ìwọ̀n ń jẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní ìlú àti àyíká rẹ̀, wọ́n fi wá ya ìlú sí ilẹ̀ kíláàsì. Èmi ni Kuta, ọmọkùnrin kan ni Olúpọ̀nnà, ó sì ń fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ bí ọba nítorí pé ìlú Mísì ni wọ́n fún un. Mulíkátù ni odò Ọbà. Ó tú ìborùn funfun rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì ń fà á lọ jẹ́jẹ́ láàrin wa, ó ń tẹ̀, ó ń kọrí síbí, ó ń kọrí sọ́hùn-ún. Mi ò tíì rí odò tó wù mí tó bẹ́ẹ̀.

Ariwo wa kò dùn mọ́ àwọn kíláàsì tó kù. Hẹdimásítà wá sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Mísì, ṣé ọjà la dá síbí ni?" Mísì ní, "Ìṣirò ni, sà." Wọ́n mi orí, wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdánwò dé, kíláàsì wa ló ṣe dáadáa jù, wọn ò sì rí ohun tí wọ́n máa sọ mọ́.

Ní ààrin òjò ọdún yẹn, Mulíkátù kò wá sílé-ẹ̀kọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Mo tẹ̀ lé ìyá mi lọ kí wọn. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, aṣọ mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀ sì wú bí àkàrà. Ìyá rẹ̀ ní ibà ni. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́, wọn ò wo ojú ìyá mi. Mulíkátù náà ò wo ojú mi. Ògiri ló kọjú sí, mo sì rí i pé ó ki etí aṣọ bọ ẹnu, ó ń jẹ ẹ́.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, a jọ lọ pọn omi ní ẹ̀rọ. Èrò pọ̀ níbẹ̀, a wá lọ jókòó sórí korobá wa lábẹ́ igi.

Ó ní, "Bí mo bá sọ nǹkan kan fún ọ, o ò ní sọ fún Mísì?"

Mo ní, "N ò ní sọ."

"Kì í ṣe ibà. Egungun mi ló ń dùn mí. Dókítà ní inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Wọ́n ní fòníkú-fọ̀ladìde ni. Màmá mi ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́, pé bí wọ́n bá gbọ́, wọn ò ní wá fẹ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi."

 Mo bi í pé ṣé ó ń dùn ún bí a bá ń fò.

"Ó máa ń rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n jókòó, jókòó, òun náà ni mo ń gbọ́ nílé, òun náà ni mo ń gbọ́ ní kéwú. Kíláàsì Mísì nìkan ni wọn ò ti ní kí n lọ jókòó. Bí o bá sọ fún wọn, n ò ní bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́ títí ayé."

Ó fi mí búra. Mo búra. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti gbádùn fífò mọ́. Bí a bá ti tò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí. Mò ń ka ìṣirò pẹ̀lú ẹnu, mo sì ń ka èémí rẹ̀ pẹ̀lú etí. Mo mọ̀ bí ó ti máa ń fi ọwọ́ kan ògiri bí ẹni ń ṣeré. Mo mọ̀ pé kì í fò ga mọ́, pé gìgísẹ̀ nìkan ló ń gbé. Mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀.

Ọyẹ́ dé, ó sì le. Ètè gbogbo wa là. Ní àkókò náà la gbọ́ pé ìnsípẹ́kítọ̀ kan láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ti gbọ́ nípa kíláàsì wa, wọ́n sì fẹ́ wá fi ojú ara wọn rí i. Hẹdimásítà tó ti ń pè wá ní ọjà wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá ní kíláàsì òun. Mísì tò wá dáadáa. Mulíkátù ni wọ́n fi ṣe ẹni tó máa dúró ti pátákó, tó máa máa pe ìṣirò fún wa, nítorí pé ohùn rẹ̀ já gaara.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, òtútù mú tó bẹ́ẹ̀ tí a kò rí ọ̀nà dáadáa nínú kùrukùru. Nígbà tí mo wọ kíláàsì, mo rí Mulíkátù níwájú tábìlì Mísì. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mísì wò ó fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí hẹdimásítà àti àlejò wọn ti ń bọ̀. Wọ́n wá mi orí sí i pé kò burú. Mulíkátù sáré wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ọmọ míì sì lọ dúró ti pátákó.

Mo bi í pé, "Kí lo wá síbí fún?"

Ó ní, "Dákẹ́."

Ìnsípẹ́kítọ̀ jókòó. A bẹ̀rẹ̀. A fo ìlọ́po méjì, a fo ti mẹ́ta, eruku ń gòkè láti ilẹ̀. Nígbà tí a dé orí ti mẹ́jọ, mo wo ojú rẹ̀, ètè rẹ̀ ti funfun bí eérú. Ó wò mí. Ojú tó fi wò mí yẹn kò sọ pé gbà mí. Ó sọ pé o búra. Ìnsípẹ́kítọ̀ ń rẹ́rìn-ín, hẹdimásítà ń rẹ́rìn-ín, Mísì ń pàtẹ́wọ́ fún ìgbésẹ̀ wa. Mẹ́jọ lọ́nà márùn-ún, ogójì. Mo ya ẹnu láti pe Mísì. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́fà, méjìdínláàádọ́ta. Nọ́ńbà ló jáde lẹ́nu mi. Mẹ́jọ lọ́nà méje, ẹsẹ̀ wa balẹ̀, mo sì gbọ́ pé ẹsẹ̀ ẹnì kan kò sí níbẹ̀.

Ó ti jókòó sílẹ̀. Ó di orúnkún méjèèjì mú, ó ki ìborùn bọ ẹnu, kò sunkún. Kíláàsì ṣì ń fò lọ, wọn ò tíì mọ̀. Mísì ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé e pọ̀n, wọ́n sáré jáde pẹ̀lú rẹ̀, ọkọ̀ ìnsípẹ́kítọ̀ ni wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù. Básíkùlù Mísì wà lára ògiri títí ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Alfa wà níbẹ̀, ìyá Mulíkátù wà níbẹ̀, Mísì dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo kúnlẹ̀.

Alfa ní, "Ọmọ mi ò ṣàìsàn rí. Fífò tí ẹ ń mú wọn fò lójoojúmọ́ ló ṣe é."

Hẹdimásítà yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ìwọ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ǹjẹ́ o mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é?"

Ìyá Mulíkátù wò mí.  Mo rántí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo rántí ìbúra mi, mo sì rántí pàṣán tó wà lórí tábìlì.

Mo ní, "Rárá, sà."

Mísì kò gbé ojú sókè. Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ kan láti gba ara wọn sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti gbé Mísì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan nínú oko. Wọ́n ní kí a bu omi, kí a fọ ilẹ̀ kíláàsì títí tí gbogbo àpótí tí a fi ṣọ́ọ̀kì yà á fi parẹ́. Èmi ni mo fọ ibi tó jókòó sí. A dá àwọn bẹ́ǹṣì padà, a ká ọwọ́, a fi ìka sí ẹnu.

Mulíkátù kúrò ní ọsibítù, ṣùgbọ́n kò padà sílé-ẹ̀kọ́ mọ́. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un sí iwájú ilé, wọ́n gbé ẹ̀pà síwájú rẹ̀ kó máa tà. Bí mo bá ti dé, màá jókòó tì í. Ohun tó máa ń bi mí ni pé kí la kọ́ lónìí. Bí mo bá sọ ọ́ fún un, á máa fi ìka méjì fò ó lórí ẹní, ìka á balẹ̀, á dúró, á tún balẹ̀. Kò bi mí nípa ọ́fíìsì hẹdimásítà, èmi náà ò sì sọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn kò sí ẹni tó jẹ́ kó rin ìrìn tó jìnnà. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ oòrùn, wọ́n gbà á lọ́wọ́ òjò, wọ́n gbà á lọ́wọ́ eré. Ní òjò ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó kú sórí ẹní náà. Kò fò, kò sáré. Kí wọ́n tó kírun àsárì, wọ́n ti sin ín. Àwọn àgbà ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe. Mo dúró lẹ́yìn ògiri tiwa, mo ń gbọ́ bí wọ́n ti ń ṣàdúrà, mo sì ń ronú pé bó bá jẹ́ fífò ló ń pa á, kí ló wá pa á báyìí.

Mo dàgbà, mo ta aṣọ ní ọjà Ìwó fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo bímọ, mo sin ọkọ. Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ pé Mísì Adéọtí ti fẹ̀yìn tì, pé wọ́n wà ní Olúpọ̀nnà. Ọ̀nà ibẹ̀ kò jìn. Èmi ni mo mú un jìn. Ọ̀sẹ̀ tí mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn ilé mi yẹn ni mo wọ kẹ̀kẹ́, mo lọ.

Wọ́n ti darúgbó gan-an. Ojú wọn ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ṣì nà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ orúkọ mi àti orúkọ bàbá mi. Wọ́n ní, "Kuta." Ó ṣe díẹ̀ kó tó yé mi pé ìlú tí mo ṣe lórí ilẹ̀ kíláàsì ni wọ́n fi rántí mi.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo sọ ti ẹ̀rọ omi, mo sọ ti ìbúra, mo sọ irọ́ tí mo pa lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí mo parí, wọ́n na ọwọ́ sí mi.

Wọ́n ní, "Dìde, jókòó. Mo mọ̀."

Mo ní, "Ẹ mọ kí ni, mà?"

"Mo mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, ní ọ̀sẹ̀ tó padà wá nínú òjò yẹn. Ó bẹ̀ mí kí n má jẹ́ kí o mọ̀, pé bí o bá mọ̀, o ò ní bá òun ṣeré mọ́. N kò mọ̀ pé ó ti sọ fún ìwọ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fún un ní iṣẹ́ tó rọ̀, tí mo fi ní kó dúró ti pátákó lọ́jọ́ yẹn."

Mo ní, "Kí ló wá sọ fún yín ní tábìlì?"

"Ó ní kí n jẹ́ kí òun fò, ní ọjọ́ yẹn nìkan. Mo mọ̀ pé òtútù mú. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ìnsípẹ́kítọ̀ tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí gbogbo ọmọ mi pátá lórí ìdúró." Wọ́n nu ojú wọn pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Ní ọ́fíìsì ọjọ́ yẹn, bí mo bá ní n kò mọ̀, irọ́ ni. Bí mo bá ní mo mọ̀, mo ti tú àṣírí ìyá rẹ̀. Mo bá dákẹ́. Ìwọ ṣì kéré. Èmi ni mo dàgbà níbẹ̀."

A jókòó pọ̀ títí oòrùn fi rọ̀. A kò tu ara wa nínú, nítorí pé kò sí èyí tó lè ṣe é nínú àwa méjèèjì.

Ayé ti yí padà. Lónìí, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó so yìgì, ìwé ìgbanisílé-ẹ̀kọ́ ń béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, a sì ti rí àwọn tó ní àìsàn náà tí wọ́n dàgbà, tí wọ́n ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tí wọ́n ń gbé ọmọ jó. Tíṣà tó bá mọ̀ lè fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní omi, kó jẹ́ kó sinmi, kó sì tún jẹ́ kó wà láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Fífò tí Mísì fi ń kọ́ wa nígbà náà dára. Mo sọ ọ́ fún wọn, mo sì tún ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà. Ṣùgbọ́n ọmọ ṣì wà tó máa ki aṣọ bọ ẹnu kí wọ́n má baà ní kó lọ jókòó, òbí ṣì wà tó máa kọ sínú ìwé pé ara ọmọ le koko, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó mọ̀.

Ìwọ ọ̀rẹ́ yẹn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí ó bá fi ọ́ búra, da ìbúra náà. Lọ sọ fún tíṣà rẹ, lọ sọ fún màmá rẹ. Ó máa bínú sí ọ. Ó lè kọjá lára rẹ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí, kó má bá ọ sọ̀rọ̀ fún odindi sáà kan. Jẹ́ kó bínú. Mo ti ń ronú nípa ìbínú yẹn láti ìgbà tí mo ti wà ní kíláàsì kẹrin, bí ì bá ti rí, bí Mulíkátù ì bá ti gbé ọrùn gígùn rẹ̀ kọjá níwájú ilé wa láì kí mi, ní ọmọ ogún ọdún, ní ọmọ ogójì ọdún.